Má-Fà-á-Tu àti Ìyá Elégédé

Bí ẹ bá dé àdúgbò náà tí ẹ béèrè orúkọ tí wọ́n sọ obìnrin yìí, wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní Má-Fà-á-Tu lẹ ń wá, ọmọ ọwọ́ á nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ohunkóhun tó bá ti hù lójú rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á tu. Koríko hù sẹ́nu àtẹ̀gùn ilé, ó ní kí wọ́n máa rékọjá rẹ̀. Ìbẹ́pẹ hù sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ó fi bíríkì yí i ká. Nígbà tí eyín ń ro ọkọ rẹ̀ débi pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, Má-Fà-á-Tu ló kọ́kọ́ bẹ dókítà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì fà á tu." Ọkọ rẹ̀ ló ń sọ ìyẹn káàkiri o, káfíńtà sì ni, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fá ọ̀rọ̀ kó dán.

Àmọ́ wọn kò bí ìwà yìí mọ́ ọn. Ẹ̀rù ló kọ́ ọ, ìyá rẹ̀ ló sì fi ẹ̀rù náà sí i lára.

Ìyá rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ wọn, nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Ọjọ́ tí màmá náà kó wá, àpò aṣọ kan àti ìgò kan ló gbé dání. Hóró elégédé ló wà nínú ìgò náà. Elégédé ọ̀hún kò wọ́pọ̀: ọrùn rẹ̀ gùn, èèpo rẹ̀ rí bí eérú tó ní àwọ̀ ewé díẹ̀, inú rẹ̀ sì pupa tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá là á yóò tún ọbẹ wò bóyá ó ti gé ọwọ́ ara rẹ̀. Ewé rẹ̀ ní àmì funfun kéékèèké níbi tí iṣan ewé ti pẹ̀ka. Ìyá màmá yìí ló gbìn ín fún un, ọwọ́ ìyá tirẹ̀ ni ìyẹn náà sì ti gbà á. Ẹlòmíràn kò ní irú rẹ̀. Àwọn tí màmá fún ní hóró rẹ̀ láyé àtijọ́ ti se é jẹ tán.

Má-Fà-á-Tu gbin hóró náà sí ààrin ògiri ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ àti gọ́tà, ó sì ṣe dáadáa. Àwọn aládùúgbò ń rà á. Ilé ìwòsàn tó wà lójú ọ̀nà ńlá ń rà á fún àwọn aláìsàn wọn. Lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn, nígbà tí ìtàkùn elégédé ti so èso tán tó ń rọ, Má-Fà-á-Tu dì í mú láti hú u kúrò kí ó lè gbin òmíràn. Ìyá rẹ̀ ké láti ojú fèrèsé.

"Fi sílẹ̀. Ìdí ìyá ni kí ẹ gbin ọmọ sí. Títí ìyá á fi gbẹ fúnra rẹ̀, a kì í fà á tu." Lẹ́yìn náà ó wá sọ èyí tó já ọmọ rẹ̀ láyà: "Ọjọ́ tí ẹ bá fa ìyá elégédé yẹn tu, ẹ ti fa èmi náà tu nìyẹn."

Àgbàlagbà kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré, bẹ́ẹ̀ ni Má-Fà-á-Tu kò sì bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ṣé ẹ̀yin náà á bi ìyá yín? Láti ìgbà yẹn, bó ṣe rí lọ́dọọdún nìyẹn. Wọ́n á jẹ́ kí ìtàkùn àtijọ́ máa nà kálẹ̀, wọ́n á sì gbin tuntun sí ìdí rẹ̀. Nígbà tí ojú màmá wá ń ṣe bàìbàì, tí kò rí ẹ̀yìnkùlé mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ní ìrọ̀lẹ́, bí ọmọ rẹ̀ bá ti gbé omi ìwẹ̀ wọlé, á ní, "Ṣé ìyá wà níbẹ̀?" Ọmọ á ní, "Ó wà, mà." Màmá á wá na ẹsẹ̀ kí wọ́n bá òun bọ́ ìbọ̀sẹ̀.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, òjò gba ojú páànù jò sínú ìgò hóró. Kí wọ́n tó mọ̀, ó ti bu. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù tó ṣì le ni Má-Fà-á-Tu gbìn, gbogbo rẹ̀ pátá. Ó fọ ìgò, ó da ojú rẹ̀ délẹ̀, ó sì ń wò ó bí ẹni ń wo àkéte òkú. Bí èyí tó wà nílẹ̀ yìí kò bá so, tí èso rẹ̀ kò sì gbó, elégédé ìyá rẹ̀ ti tán láyé nìyẹn. Ọwọ́ òun ló sì máa tán sí.

Ìgbà náà ni ewé ìyá elégédé bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Funfun tó máa ń wà ní oríta iṣan ewé ràn, ó gba gbogbo iṣan, ó gba ojú ewé, títí ewé fi ń kọ mọ̀nà bí fàdákà. Inú Má-Fà-á-Tu dùn. Ó rò pé ìran elégédé náà ló ń fara hàn, pé bí ọlọ́lá ṣe ń dàgbà nìyẹn. Ó ń pe àwọn obìnrin àdúgbò wá wò ó.

"Ṣé pọ́líìṣì mi lò ń fi kùn ún ni?" ni ọkọ rẹ̀ ń bi í.

Ohun kan ṣoṣo tó ń bí i nínú ni lẹ́búlẹ́bú funfun tó ń bà lé ewé náà. Bó bá ti fi ìdí aṣọ kan ewé, lẹ́búlẹ́bú á bù sókè. Ó gbà pé láti ṣọ́ọ̀bù ni, pé níbi tí wọ́n ti ń rẹ́ pákó ló ti ń fẹ́ wá. Ó bá ọkọ rẹ̀ jà. Ó ní kó ta aṣọ sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin náà ta aṣọ, ó ń làágùn nínú òkùnkùn bí ẹni tó jí nǹkan. Lẹ́búlẹ́bú kò dín. Lọ́jọ́ kan ó jáde wá wo ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ sé òun mọ́lé. Ó gbọn ewé kan, lẹ́búlẹ́bú bù sókè, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó sì padà wá bà sí ewé tó ti kúrò.

Káfíńtà kọjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ìyá wọn," ó ní, "ó ti pẹ́ tí mo ti ń rẹ́ pákó. Mi ò tíì rí lẹ́búlẹ́bú pákó tó ń fò padà sílé ẹ̀ rí."

Má-Fà-á-Tu bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Ohun alààyè ni, eṣinṣin funfun tíntìntín.

Ọjọ́ yẹn ni ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là sí ohun tó ti wà níwájú rẹ̀ tipẹ́. Ewé náà ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí ìgbà tí ṣúgà dà sí tábìlì. Nǹkan dúdú bí èéfín ààrò ti hù sórí àwọn ewé ìsàlẹ̀. Èso tó wà lórí rẹ̀ ti ṣì, kò ní àwọ̀ eérú mọ́, ó funfun bí ojú ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà, Má-Fà-á-Tu sì ti ń pe èèyàn wá wò ó.

Ẹ̀rù gbé e sáré. Ó ra oògùn tó le jù lọ lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, èyí tó jẹ́ pé òórùn rẹ̀ nìkan ń mú ni sunkún, ó sì fín in sójú ewé títí ilẹ̀ fi rin. Fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kò sí ohun tó fò. Aláǹtakùn tó ń gbé abẹ́ ìtàkùn kú. Kòkòrò pupa alámì dúdú tó máa ń jẹ àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ kú. Ìgbà tí eṣinṣin funfun padà dé, kò sí ẹni tí yóò bi í pé níbo ló ń lọ, ó sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Má-Fà-á-Tu kò lè jẹun mọ́. Bó bá jókòó, etí rẹ̀ wà ní ẹ̀yìnkùlé. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ tí ewé mì, á sáré jáde lọ wò ó.

Ọlọ́run ló ní kí àga ilé ẹnìkan kán. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ọ̀gbìn gbé àga wá fún káfíńtà tún ṣe, ó sì rí ewé tó ń dán láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Kò kí ẹnikẹ́ni parí tó fi dé ìdí rẹ̀. Jígí kékeré kan, irú èyí tí àwọn ọmọge fi ń wo ojú, ló mú jáde nínú báàgì. Láti ọjọ́ náà Oníjígí ni wọ́n ń pè é nínú ilé yẹn.

Má-Fà-á-Tu nawọ́ láti yí ewé sókè fún un.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, mà. Bẹ́ ẹ bá yí i, wọ́n á fò, ẹ ò ní rí nǹkan." Oníjígí ki jígí bọ abẹ́ ewé náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ wò ó báyìí."

Má-Fà-á-Tu bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wo inú jígí, ara rẹ̀ bù máṣọ. Ẹ̀yìn ewé tó ń fi yangàn kún fọ́fọ́. Àwọn tó ní ìyẹ́ tò jọ bí aṣọ funfun tí wọ́n sá. Lábẹ́ wọn, ọmọ wọn tí kò tíì ní ìyẹ́ lẹ̀ pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́ mọ́ ewé bí ìpẹ́ ẹja, wọn kò mì, wọ́n kàn ń fa omi ewé mu.

"Àwọn tó lẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn ló ń sọ ewé di fàdákà," ni Oníjígí wí. "Ewé tó bá ti dán, kò tún lè padà. Oògùn tí ẹ fín, ojú ewé lẹ fín in sí, ẹ̀yìn ewé ni wọ́n ń gbé. Ẹ jẹ́ n wo tuntun."

Ewé ọmọ elégédé ṣì tutù. Ṣùgbọ́n Oníjígí pẹ́ nídìí èyí tó kéré jù lọ, ó sì fi ìka hàn án bí iṣan rẹ̀ ṣe ń ṣì. "Ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ara èyí àtijọ́ ni wọ́n ti ń dàgbà, tí wọ́n bá yọ ìyẹ́ tán, wọ́n á fò sọ́dọ̀ ọmọ. Mà, ẹ máa fa àtijọ́ yìí tu ni."

Má-Fà-á-Tu wo fèrèsé yàrá ìyá rẹ̀. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀. A kì í fà á tu."

"Èé ṣe?"

Èso kan wà lórí rẹ̀ tó lè gbó, ohun tó rí wí nìyẹn. Oníjígí mi orí, ó ní èso tó bá ti ṣì báyẹn, hóró inú rẹ̀ kì í kún. Ó kọ́ ọ ní ohun tí wọ́n ń ṣe: kí wọ́n po ọṣẹ olómi díẹ̀ mọ́ omi púpọ̀, kí wọ́n fín in sí ẹ̀yìn ewé láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, kí wọ́n gé kéègì aláwọ̀ ìyeyè, kí wọ́n kun gírísì sí i, kí wọ́n fi kọ́ sáàrin ewé, torí àwọ̀ ìyeyè ń fa eṣinṣin náà, gírísì á sì mú un. Àmọ́ kó tó lọ, ó fi jígí náà sílẹ̀ fún un, ó ní, "Gbogbo ìyẹn, ẹ kàn ń gbálẹ̀ nígbà tí òjò ń jò ni, bí àtijọ́ bá ṣì wà níbẹ̀."

Má-Fà-á-Tu ṣe gbogbo rẹ̀ àyàfi ọ̀kan yẹn. Ó fín ọṣẹ títí ẹ̀yìn fi ń dùn ún. Kéègì rẹ̀ kún fún òkú eṣinṣin. Ọkọ rẹ̀ kó ọ̀rá dídán tí wọ́n máa ń tẹ́ sábẹ́ páànù wá, ó tẹ́ ẹ sí ìdí ọmọ elégédé, nítorí Oníjígí ti sọ pé ìtànṣán rẹ̀ ń dàrú mọ́ kòkòrò náà lójú. Síbẹ̀ láràárọ̀, tó bá ki jígí bọ abẹ́ ewé tuntun, á bá wọn níbẹ̀. Nígbà mìíràn, ojú ara rẹ̀ ló ń rí nínú jígí, ó sì funfun.

Lọ́sẹ̀ kan náà ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe màmá.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Bí kò bá fa ìyá elégédé tu, irúgbìn ìyá rẹ̀ parun. Bó bá fà á tu, ìyá rẹ̀ gan-an ńkọ́? Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ó mọ̀ ọ́n lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n bí ikọ́ yẹn bá ti dún nínú yàrá, ìmọ̀ náà á fò lọ, jìnnìjìnnì á sì bò ó. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ níkẹyìn. Ọkùnrin tó máa ń fi gbogbo nǹkan ṣàwàdà kò ṣàwàdà. Ó ní, "Kí ni mọ́mì á gbádùn nínú kí ìtàkùn méjèèjì kú?"

Wọ́n ṣe é láàárọ̀, nígbà tí màmá ṣì ń sùn, bí wọ́n ṣe rò. Wọ́n kọ́kọ́ fi omi ọṣẹ rin ewé kí àwọn abìyẹ́ má baà fò lọ bá ọmọ. Káfíńtà ya ẹnu àpò ọ̀rá dúdú sílẹ̀. Má-Fà-á-Tu di ìdí ìyá elégédé mú. Kò tíì fa ohunkóhun tu rí láti ọdún tí màmá sọ̀rọ̀ yẹn wá, ó wá dà bíi pé ọwọ́ rẹ̀ ti gbàgbé. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ bá a fà á, ó ní rárá. Ó dijú, ó fà á. Gbòǹgbò ya, ó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ títí ó fi jáde. Wọ́n ká gbogbo rẹ̀ sínú àpò, wọ́n so ẹnu rẹ̀ pinpin, wọ́n gbé e sínú oòrùn kó bọ̀ níbẹ̀. Èso tó kù ló là. Hóró inú rẹ̀ pẹlẹbẹ, òfìfo ni. Ó ń sunkún, kò sì mọ èyí tó ń sunkún fún.

Nírọ̀lẹ́ ó gbé omi ìwẹ̀ wọlé.

"Ṣé ìyá wà níbẹ̀?"

"Ó wà, mà."

Màmá kò na ẹsẹ̀. Ó ní òun kò ní wẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Má-Fà-á-Tu gbé tíì wọlé, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mọ́mì." Kò sí ìdáhùn. Màmá kọjú sí ògiri, aṣọ bò ó dé ọrùn. Ó tún kí i. Kò mì. Kọ́ọ̀bù bọ́ lọ́wọ́ Má-Fà-á-Tu, tíì gbígbóná dà sí i lẹ́sẹ̀, kò mọ̀ ọ́n. Mo ti pa ìyá mi, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn, kò sí òmíràn. Ó rìn dé ibùsùn, ó fi ìka kan èjìká màmá.

Ara rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Mò ń gbọ́ ẹ," ni màmá wí láì yí padà. "Mo gbọ́ nígbà tí ẹ fà á tu. Ojú ló fọ́, etí ò di."

Má-Fà-á-Tu kúnlẹ̀ sínú tíì.

"Látàná ni mo ti dùbúlẹ̀ tí mò ń dúró de ikú," ni màmá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Mo ní bí mo ṣe sọ ló máa ṣẹ. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rù ṣì máa ń ba arúgbó tó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ wá mọ́, mo ṣì wà, ìtọ̀ sì ń gbọ̀n mí."

"Mọ́mì, ẹ dárí jì mí. Èèwọ̀ ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n—"

"Èèwọ̀ ta ni?" Màmá yí padà báyìí, ojú rẹ̀ tí kò ríran ń wá ibi tí ohùn ti ń wá. "Ìyá mi máa ń fà á tu, ó máa ń sun ún níná. Èmi ni mo dá a sílẹ̀. Lọ́dún tí mo dé ọ̀dọ̀ yín, mo gbọ́ tí ọkọ rẹ ń sọ nínú ṣọ́ọ̀bù pé yàrá yìí ni òun ti fẹ́ máa kó pákó sí. Ó sọ ọ́, kò mọ̀ pé mò ń gbọ́. Ojú fèrèsé ni mo wà tí mò ń rò ó pé níbo ni wọ́n á kó mi sí, mo wá rí ìwọ náà tí o di elégédé mi tó ti so tán mú, tó o fẹ́ hú u dànù. Kí lo fẹ́ kí n sọ? Kí n ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé mi?"

Má-Fà-á-Tu gbé orí lé itan ìyá rẹ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, bí màmá bá ti béèrè nírọ̀lẹ́, elégédé ló rò pé ó ń béèrè.

Ó dìde, ó gbé ike ìtọ̀ wá fún un.

Ewé tó kọ́kọ́ jáde lára ọmọ elégédé lẹ́yìn ìyẹn ṣì dán díẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e tutù, àmì funfun rẹ̀ kò kọjá oríta iṣan. Jígí kò fìgbà kan kúrò lápò Má-Fà-á-Tu. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ ó rò pé fáàrí ló ń ṣe. Èso so, àwọ̀ eérú rẹ̀ pé, ó gbó. Wọ́n yọ hóró rẹ̀, wọ́n sá a sójú fèrèsé màmá, wọ́n dà á sínú ìgò, wọ́n sì gbé ìgò náà sábẹ́ ibùsùn rẹ̀ níbi tí òjò kò dé.

Ó wá ku ìtàkùn tó ti so tán. Màmá ló sọ pé àkókò ti tó. Káfíńtà gbé e jáde sórí àga tó kàn fún un, èyí tó ní ibi ìfarati, ó sì ti lẹ tìmùtìmù mọ́ ọn láìsọ̀rọ̀, nítorí wọ́n ti sọ ohun tó wí nínú ṣọ́ọ̀bù fún un. Má-Fà-á-Tu mú ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó gbé e lé ìdí elégédé, ó sì gbé tirẹ̀ lé e lórí. Ẹ̀rù yẹn kò tíì lọ, n ò ní parọ́ fún yín.

Wọ́n jọ fà á. Ó jáde. Kó tó wo gbòǹgbò, ojú ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò.

"Mo wà," ni màmá wí. Ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n bu omi wá kí òun fi ṣan ọwọ́.